Fóònù kan, ọmọ márùn-ún: bí ilé ìwé ṣe ń kọ́ni níṣẹ́ ìròyìn fídíò

Iṣẹ́ ìròyìn fídíò kì í bẹ̀rẹ̀ láti ara kámẹ́rà. Olùkọ́ tó bá gbé fóònù lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ á rí i pé wọ́n á yà á, wọ́n á tún yà á, títí bátìrì á fi kú. Tí wọ́n bá wá jókòó láti wò ó, ariwo àti eré ni wọ́n á bá níbẹ̀. Ìbéèrè ló ń ṣáájú. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló ṣẹlẹ̀ sí? Níbo? Nígbà wo? Kí ló fà á? Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Ọmọ tí kò bá tíì rí ìdáhùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọ sínú ìwé kò tíì ní ohun tó fẹ́ lọ yà.

Nǹkan tó wà nítòsí ló dára jù fún ìbẹ̀rẹ̀. “Ilé ìwé wa dára” kì í ṣe ìròyìn. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ̀rọ tó ń fa omi nílé ìwé ti bàjẹ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí àwọn ọmọ JSS 1 wá ń fi kẹ́ẹ̀gì pọnmi kí wọ́n tó wọ kíláàsì: ìròyìn nìyẹn. Ọmọ márùn-ún tó láti ṣe é. Olóòtú ló ń pinnu ohun tó máa wọlé àti èyí tó máa jáde. Akọ̀ròyìn ń wádìí, ó sì ń kọ̀wé. Ẹnìkan di kámẹ́rà mú, ẹnìkan ń ṣọ́ ohùn, atọ́kùn sì ni ojú rẹ̀ máa hàn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n pààrọ̀ iṣẹ́, kó má di pé ẹni tó lẹ́wà jù lọ ló ń ṣe atọ́kùn lójoojúmọ́.

Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni ẹ̀kọ́ gidi wà. Ọmọ Yorùbá ti kọ́ ọ nílé pé èèyàn kì í bá àgbà jiyàn, nítorí náà ohun tó máa ń le fún un jù ni kó bi àgbàlagbà ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Wọn ò gbọ́dọ̀ ní kó gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé. Ọ̀rọ̀ tó máa fi béèrè ni kí wọ́n kọ́ ọ. Á kọ́kọ́ kí àgbà náà lórí ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀ kí kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á ṣàlàyé ohun tó wá ṣe, á sì tọrọ àyè. Lẹ́yìn náà ló máa béèrè ìbéèrè tí “bẹ́ẹ̀ ni” kò lè dáhùn. Tó bá bi ìyá olóúnjẹ pé “Ṣé omi ń yọ yín lẹ́nu, mà?”, bẹ́ẹ̀ ni nìkan ló máa gbọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ní “Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo lẹ ṣe ń rí omi fọ abọ́ láàárọ̀?”, ìtàn á bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀gá ilé ìwé bá sì ní àwọn máa tún ẹ̀rọ náà ṣe láìpẹ́, ọmọ náà á dúpẹ́, á wá ní: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ọjọ́ wo ló máa bọ́ sí?” Kò sí àrífín kankan nínú ìyẹn. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá sì pọn dandan láti dé, nítorí agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni.

Àwòrán ní ọgbọ́n tirẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo, bíi kí ọmọ fa omi nínú kànga, ni wọ́n á yà ní ọ̀nà márùn-ún: ọwọ́ tó ń fa okùn, ojú ẹni tó ń fà á, gbogbo àyíká kànga, ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń rí tí wọ́n bá yà á láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀, àti igun kan tí ojú kò retí. Fóònù á wà ní ìbú, á dúró gbọn-in fún ìṣẹ́jú àáyá 10 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí ni pé kò sẹ́ni tó lè fi gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọmọ náà fi pọnmi han èèyàn. Bí wọ́n bá lẹ àwòrán ọwọ́ mọ́ ti ojú, kí wọ́n tó lẹ ti ojú mọ́ ti kẹ́ẹ̀gì tó ti kún, òǹwòran á gbà pé òun rí gbogbo rẹ̀.

Ohùn ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Èèyàn lè fara da àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀, á pa á ni. Kí wọ́n jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti òrùlé páànù tí òjò ń rọ̀ lé. Earpiece olókùn tí wọ́n fi gbohùngbohùn rẹ̀ há kọ́là aṣọ sàn ju fóònù tó wà lókèèrè lọ. Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, kí gbogbo wọn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí wọ́n gba ariwo àyíká náà lásán sílẹ̀. Òun ni wọ́n á fi dí ibi tí wọ́n bá ti gé ọ̀rọ̀, kí ohùn má bàa já lójijì.

Bó bá jẹ́ Yorùbá ni wọ́n fẹ́ fi ka ìròyìn, àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lórí ìwé atọ́kùn. “Ọkọ olùkọ́ bàjẹ́” tí kò ní àmì lórí “ọkọ” lè di ọkọ̀ tàbí ọkọ́ lẹ́nu ẹni tó ń sáré kà á, ó sì lè di ọkọ tí wọ́n fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n kà á sókè kí wọ́n tó yà á, kí wọ́n fi aago wọ̀n ọ́n. Ohùn ni wọ́n máa kọ́kọ́ tò sínú CapCut, ìyẹn ètò orí fóònù tí wọ́n fi ń to fídíò pọ̀, tàbí irú rẹ̀, àwòrán á wá tẹ̀ lé e. Ìṣẹ́jú méjì tó fún gbogbo rẹ̀.

Gbèdéke ló ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nílùú Gẹ̀ẹ́sì, BBC ní ètò kan tẹ́lẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé, School Report, tó di Young Reporter ní 2018. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń wá ìròyìn àti bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16 máa ń ṣe ìròyìn tiwọn lọ́jọ́ kan nínú oṣù March nígbà School Report, ó sì gbọ́dọ̀ parí ní aago méjì ọ̀sán. Aago yẹn ló ń kọ́ ọmọ láti yan ohun tó ṣe pàtàkì. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV (Western Nigeria Television) bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní October 31, 1959, ẹ̀kọ́ ọmọ ilé ìwé wà lára iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n iwájú tẹlifíṣọ̀n ni ọmọ jókòó sí láti wò. Fóònù ti gbé e bọ́ sẹ́yìn kámẹ́rà báyìí.

Kí fídíò tó jáde, òbí gbogbo ọmọ tí ojú rẹ̀ hàn gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ní Nàìjíríà dáàbò bo àṣírí ọmọ. Ìpéjọ àárọ̀ ló yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ fi hàn, kì í ṣe WhatsApp. Bí wọ́n bá sì rí àṣìṣe lẹ́yìn rẹ̀, bóyá wọ́n pe ọjọ́ mẹ́jọ ní ọ̀sẹ̀ méjì, atọ́kùn kan náà ló máa jáde ní ìpéjọ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Á tún ohun tí wọ́n sọ sọ, á sọ èyí tó jẹ́ òótọ́, á sì tọrọ àforíjì.