Ìjọ Áńgílíkà ní Ìlú Oǹdó

Kátídírà Stẹ́fánù Mímọ́, tó wà ní Òkè Àlùkò, ni olórí ilé ìjọsìn Áńgílíkà ní ìlú Oǹdó. Ọdún 1875 ni àwọn ajíhìnrere CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ ajíhìnrere Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) mú ẹ̀sìn Kristẹni wọ ìlú náà. Lọ́dún 1872, John Glover, tó jẹ́ alákòóso Èkó, ti bá àwọn ará Oǹdó tí ogun abẹ́lé tú ká parí ìjà kí wọ́n lè padà sílé, nítorí ó fẹ́ kí ọ̀nà ìlà-oòrùn tó gba Oǹdó kọjá ṣí fún àwọn oníṣòwò. Ọ̀nà yìí kan náà ni ìyìn rere gbà wọlé.

Charles Phillips, òjíṣẹ́ CMS, dé lọ́dún 1877, ó sì fi Oǹdó ṣe ibùjókòó títí ó fi kú lọ́dún 1906. Òun ló yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ nínú àwọn òjíṣẹ́ ìgbà náà. Lọ́dún 1886, òun àti Samuel Johnson, òjíṣẹ́ CMS mìíràn, ni ìjọba Èkó rán lọ bẹ àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ kí ogun Kírìjì lè parí. Wọ́n yà á sí bíṣọ́ọ̀bù ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1893, lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú Isaac Oluwole. Ọmọ rẹ̀, Thomas Ekundayo Phillips, ló wá di ògbóǹtagí onídùùrù ní Kátídírà Krístì, Èkó. Ọdún 1952 ni dáyósíìsì (agbègbè tí bíṣọ́ọ̀bù kan ń ṣàkóso) Oǹdó dá dúró kúrò lára ti Èkó. Lọ́dún 1983, Àkúrẹ́ náà di dáyósíìsì.

Ilé amọ̀ tí wọ́n fi ewé bò ni ìjọ fi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Lẹ́yìn náà ni páànù dé, tí bíríkì àti sìmẹ́ǹtì sì tẹ̀ lé e. Òrùlé gíga tó dà gẹ̀rẹ̀ máa ń jẹ́ kí omi òjò tètè ṣàn lọ, kí ooru sì gòkè kúrò lórí àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù tí kò ní sílíìnì, ohùn oníwàásù kì í dé ẹ̀yìn.

Bí ènìyàn bá wọ ilé ìjọsìn Áńgílíkà láti ìwọ̀-oòrùn, ọpọ́n ìrìbọmi ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí nítòsí ẹnu ọ̀nà, nítorí ìrìbọmi ni wọ́n fi ń wọ ìjọ. Ọ̀nà tààrà láàárín àwọn àga ló lọ sí iwájú, níbi tí àwọn akọrin ti ń kọjú síra wọn. Pẹpẹ wà lókè, ní ìlà-oòrùn, bí ilẹ̀ bá gbà á. Ère idì sábà máa ń gbé Bíbélì dúró níwájú.