Asà Tí Àyè Òfìfo Ń Bá Ṣiṣẹ́: Ibi Tí Ààbò Ọkọ̀ Gbalasa Òfurufú Ti Ṣẹ̀ Wá

Ní 1946, kò tíì sí sátẹ́láìtì kankan tó ń yí ayé ká. Síbẹ̀ Fred Whipple, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ní Yunifásítì Harvard lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ti ń ronú lórí ohun tó lè ba ọkọ̀ gbalasa òfurufú jẹ́. Àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tó máa ń já bọ́ lójú ọ̀run lóru ló ń ṣèwádìí lé lórí, ó sì mọ bí eré wọn ṣe tó. Èyí tó kéré bí iyanrìn pàápàá lè dá ihò sára irin.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ á ní kí wọ́n ṣáà mú irin náà nípọn sí i. Àmọ́ irin tó nípọn wúwo, bí ẹrù bá sì ṣe ń pọ̀ ni rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe ń jẹ epo. Àbá tí Whipple dá, tó sì tẹ̀ jáde ní 1947, ni pé kí wọ́n ta irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan síwájú ọkọ̀, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ògiri ọkọ̀ gan-an tó tẹ̀ lé e. Bí òkúta bá gbá irin iwájú yẹn, á fọ́ túútúú, apá kan nínú rẹ̀ á yọ́, òmíràn á di gáàsì. Bí èérún náà ṣe ń la àyè kọjá ló ń fẹ̀, nígbà tó bá sì fi dé ara ògiri, agbára tí ì bá dá jọ sójú kan ti tàn káàkiri. Irin iwájú kò dá òkúta dúró, ó kàn ń fọ́ ọ ni. Lójú tèmi, àyè òfìfo yẹn gan-an ló ṣe iṣẹ́ jù.

Ibi tó wù mí jù nínú ìtàn yìí ni oṣù March 1986, nígbà tí Giotto, ọkọ̀ tí àwọn ará Yúróòpù rán jáde, lọ pàdé ìràwọ̀ onírù tí wọ́n ń pè ní Halley. Eré tó fi kọjá lára rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 68 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àlùmíníọ̀mù tó wà níwájú asà rẹ̀ kò nípọn ju mílímítà 1 lọ; lẹ́yìn rẹ̀ ni àyè nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25, kó tó wá kan Kevlar, okùn líle tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀wù tí ọta kì í wọ̀, tó nípọn ní mílímítà 12. Ó kù díẹ̀ kó dé ibi tó sún mọ́ Halley jù, nǹkan bíi kìlómítà 600 sí i, ni ègé kan gbá a tó sì mì ín jìgìjìgì, ìròyìn tó ń fi ránṣẹ́ sí ayé sì ń já. Kámẹ́rà rẹ̀ bà jẹ́, àmọ́ Giotto kò kú. Àwòrán tó ti yà ṣáájú fi hàn pé ohun tí Whipple fúnra rẹ̀ sọ ní 1950 bá a mu, pé yìnyín àti eruku ni ìràwọ̀ onírù jẹ́. Whipple wà láàyè, ó ti tó ẹni ọdún 79.

Láàárín àkókò yẹn, ìdọ̀tí tí ọmọ èèyàn fúnra rẹ̀ dà sókè ti wá di wàhálà. Ní 1983, pàǹtí ọ̀dà tíńtín kan dá kòtò sára gíláàsì fèrèsé Challenger, ọkọ̀ gbalasa òfurufú ti Amẹ́ríkà, wọ́n sì ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọdún 1980 sí 1989 ń parí lọ, Burton Cour-Palais àti Jeanne Lee Crews, òṣìṣẹ́ NASA, àjọ gbalasa òfurufú ti Amẹ́ríkà, ní Houston, gbé aṣọ seramíìkì (ohun tó jọ amọ̀ sísun) tó ń jẹ́ Nextel wá. Wọ́n tò ó ní ipele-ipele, kí èérún náà lè máa fọ́ lọ́tun-lọ́tun ní ipele kọ̀ọ̀kan. Seramíìkì kì í dá ègé ńláńlá tirẹ̀ kún un bí irin ti ń ṣe. Nínú asà Ibùdó Gbalasa Àgbáyé, Nextel wà níwájú láti fọ́ òkúta, Kevlar wà lẹ́yìn láti gba ohun tó ṣẹ́ kù, méjèèjì sì wà láàárín irin méjì.

Ohun oníhò wẹ́wẹ́ ló tún kàn. Irin tí wọ́n ṣe bí afárá oyin fúyẹ́, àmọ́ ojú ihò rẹ̀ tó gún régé máa ń darí èérún tààrà sára ògiri. Fóòmù tó rí bíi kànìnkànìn kò ní irú ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀: èérún á máa gbá okùn tín-ín-rín kan tẹ̀ lé òmíràn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yin ọta lu irú fóòmù bẹ́ẹ̀ nínú ìbọn onígáàsì, tó ń ju ọta ní nǹkan bíi kìlómítà 7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Eré tó bá ju ìyẹn lọ, kọ̀ǹpútà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣírò rẹ̀.