Títì Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Ń Wọ̀n: Bí Àkókò Máratọ́ọ̀nù Ṣe Ń Di Ìtẹ́wọ́gbà

Bí ẹnìkan bá gbéra ní Adó-Èkìtì, tó sá gba Ìyìn lọ sí Ìgèdè, tó ń lọ tó ń bọ̀ títí aago ọwọ́ rẹ̀ fi ka kìlómítà 42.2 ní 2:50:00, eléré ìje gidi ni onítọ̀hún. Ẹni tó bá mọ òkè tó wà lójú ọ̀nà yẹn yóò kan sáárá sí i. Síbẹ̀, máratọ́ọ̀nù Boston ní Amẹ́ríkà, tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fi àkókò pegedé fún, kò ní gba àkókò náà. World Athletics, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìje lágbàáyé, náà kò ní gbà á. Kì í ṣe pé wọ́n pè é ní onírọ́. Ẹnikẹ́ni kò tíì wọn títì yẹn ni.

Ọ̀rọ̀ bàtà, oúnjẹ àti ìdánrawò ti kún ìgboro, a ó fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí kì í sábà jẹ yọ ni pé kí àkókò tó lè mú ènìyàn pegedé, ọ̀nà tó ti sá a gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ pegedé. Máratọ́ọ̀nù jẹ́ 42.195 km, kò gbọdọ̀ dín. Ohun tí wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n títí dòní kì í ṣe ọkọ̀, kì í ṣe sátẹ́láìtì. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ náà, Jones Counter ni wọ́n ń pè é. Bí táyà bá ṣe ń yí ni nọ́ńbà inú rẹ̀ ń gorí ara wọn. Nínú kìlómítà kan, iye tó ń kà máa ń lé ní 11,000, ìyẹn ni pé oókan rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 9 lọ. Àmọ́ nọ́ńbà yìí kò wúlò fún ohunkóhun bí a kò bá mọ iye rẹ̀ tó bọ́ sí mítà kan lọ́jọ́ náà gan-an. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ wọn ọ̀nà yóò kọ́kọ́ wá ibi tí títì ti lọ gbọọrọ láìyà, ó kéré tán mítà 300. Yóò fi téèpù onírin wọ̀n ọ́n, yóò gbá ìṣó mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀. Yóò gun kẹ̀kẹ́ kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, yóò máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Ìgbà náà ni yóò tó lọ wọn ọ̀nà ìdíje. Bó bá sì parí, yóò padà wá gùn ún lẹ́ẹ̀mẹrin mìíràn kí ọjọ́ tó lọ.

Kí ló dé tí wọ́n ń padà wá? Táyà ni. Bí oòrùn bá mú, afẹ́fẹ́ inú táyà á fẹ̀, táyà á tóbi díẹ̀, ìyí kan rẹ̀ á sì gba ilẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká mú ìgbà ọyẹ́ ní Èkìtì, tí òwúrọ̀ ń mú ènìyàn gbọ̀n, tí ọ̀sán sì ń jóni lórí. Bí ẹnìkan bá gun mítà 300 rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, tó wá dúró di ìdájí ọjọ́ kejì kó tó wọn ọ̀nà, táyà ti sún kì. Nọ́ńbà yóò pé, ilẹ̀ kò ní pé. Gbogbo ẹni tó bá sáré lórí ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ti sá ohun tí kò tó máratọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ kò sí ojúyòójú tó lè rí i. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í fún afẹ́fẹ́ sí táyà láàárín iṣẹ́, tí wọ́n sì fi ń kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ náà kiri díẹ̀ kí táyà lè mọ́ra pẹ̀lú títì.

Ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ náà ń tọ̀ tún yàtọ̀ sí èyí tí ọkọ̀ ń tọ̀. Níbi tí títì bá ti yí, sẹ̀ǹtímítà 30 péré ni ó gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí etí rẹ̀ nínú kọ́nà. Láti kọ́nà kan sí òmíràn, ṣe ni yóò dá títì kọjá gbọnrangandan, bí ẹni pé kò sí ọ̀tún, kò sí òsì. Èyí tó kúrú jù lọ tí asáré kan lè rí sá ni wọ́n ń wọ̀n, kí ẹnikẹ́ni má baà rí àbùjá tí yóò mú 42.195 dín.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, wọ́n tún ń fi mítà kan kún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Mítà 42 nìyẹn lápapọ̀. Ìyá tó ń ta gàrí ní Ọjà Ọba ní Adó mọ ìdí rẹ̀ dájú. Kóńgò lè ti wọnú níbì kan, ọwọ́ lè yẹ̀, gàrí lè má kì dáadáa. Èènì tó bù lé e ló ń fi í lọ́kàn balẹ̀ pé bí oníbàárà bá gbé e dé ilé, tó tún un wọ̀n, kò ní dín. Kì í bù ú jù, torí ọjà òun ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń wọn ọ̀nà: mítà 42 kò tó ohun tí yóò ba asáré jẹ́, ṣùgbọ́n ó tó láti bo àṣìṣe kékeré tí kẹ̀kẹ́ lè ṣe. Ọgbọ́n tó dára jù nínú gbogbo ètò yìí ni pé wọ́n gbà pé àṣìṣe yóò wà, wọ́n wá yan ìhà tí yóò ṣubú sí.

Bí ìwọ̀n bá sì wọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Ní 2016 ni wọ́n kéde pé ọ̀nà máratọ́ọ̀nù Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi mítà 380 dín ní 2013, 2014 àti 2015. Fún ẹni tó ń sá kìlómítà kan ní 4:09, ìyẹn ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 9, mítà 380 lé ní ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bí ènìyàn nínú ni ẹ̀sùn tó ń tẹ̀lé gbogbo ìdíje: “Aago mi ka 42.6, wọ́n ti fà á gùn.” Wọn kò fà á. Aago ọwọ́ ń mú àmì láti ojú ọ̀run ní ẹyọ ẹyọ, ó wá ń so wọ́n pọ̀. Ilé gíga àti abẹ́ afárá ń da àmì náà rú. Asáré fúnra rẹ̀ kò sì tọ ipa kẹ̀kẹ́. Ó gba ẹ̀yìn kọ́nà, ó yà fún ẹni tó rẹ̀, ó sá lọ sí òdìkejì títì láti mú omi. Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kún un nìyẹn.

Àdánù tí títẹ̀lé aago ń fà hàn gbangba. Ẹni tó fẹ́ 2:55:00 gbọ́dọ̀ máa sá kìlómítà kan ní 4:09. Bó bá tẹjú mọ́ 4:09 tí aago ń fi hàn, tí aago náà sì ka 42.5 kó tó dé òpin, 2:56:22 ni yóò bá ara rẹ̀. Ojúùtú rẹ̀ ni kí ó gbàgbé ìwọ̀n aago, kí ó máa fi pátákó kìlómítà tó wà lójú ọ̀nà ṣírò. Kí ó kọ ọ́ sí ọwọ́: 41:28 ní kìlómítà 10, 1:27:30 ní ìdajì, 2:04:25 ní 30, 2:45:54 ní 40. Ní ti kọ́nà, ojú kọ́nà tó kàn ni kó máa wò, kì í ṣe ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú rẹ̀.

Ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ̀ náà ní òfin tirẹ̀. Kí àkókò kan tó lè di àkọsílẹ̀ àgbáyé, ìyẹn èyí tó yá jù lọ láyé, òpin kò gbọdọ̀ fi ju mítà kan lọ rẹlẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ nínú kìlómítà kọ̀ọ̀kan, òpin àti ìbẹ̀rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jìnnà síra ju ìdajì ìrìn náà lọ. Ìdí nìyí tí 2:03:02 tí Geoffrey Mutai, ọmọ Kenya, sá ní Boston ní 2011 kò fi di àkọsílẹ̀ àgbáyé. Boston fúnra rẹ̀, láti ìdíje 2027, yóò máa fi ìṣẹ́jú 5 kún àkókò ẹni tó sá lórí ọ̀nà tó rẹlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 1,500, àti ìṣẹ́jú 10 bó bá tó 3,000. Bó bá tó 6,000, wọn kò ní gbà á rárá.

Ibi tí ètò Boston ti ń mẹ́hẹ ni gbèdéke rẹ̀, ìyẹn àkókò tí asáré kò gbọdọ̀ kọjá kó tó lè forúkọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹni tó bá ti sá gbèdéke ti wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àyè ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 30,000 lọ. Ẹni tó fi ìṣẹ́jú púpọ̀ ré kọjá gbèdéke ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú, títí àyè yóò fi tán. Fún ọkùnrin ọdún 18 sí 34, gbèdéke ìdíje 2024 àti 2025 jẹ́ 3:00:00, ti 2026 sì jẹ́ 2:55:00. Àkókò tó wọlé ní ti gidi ni 2:54:31, lẹ́yìn náà 2:53:09, lẹ́yìn náà 2:50:26. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti pa ìforúkọsílẹ̀ dé nínú oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń kéde rẹ̀, nígbà tí asáré kò ní ọjọ́ mìíràn láti fi tún un ṣe. Ètò tó ń béèrè ọ̀nà tí wọ́n wọ̀n dé sẹ̀ǹtímítà wá ń fi ènìyàn sílẹ̀ láìmọ iye ìṣẹ́jú tí yóò tó. Kò dára bẹ́ẹ̀.

Fún ará Èkìtì, ìdíje tó sún mọ́ tòsí ni máratọ́ọ̀nù Èkó tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, tó máa ń wáyé ní oṣù kejì. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú ju ti Adó lọ, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ kún fún ọ̀rinrin, òógùn kì í gbẹ lára, ẹni tó ti ń fi òwúrọ̀ ọyẹ́ dánra wò yóò sì rí ìyàtọ̀ rẹ̀ láti kìlómítà 25. Fún ẹni tó ń lépa Boston, iye tó dára láti fojú sí ni 4:00 fún kìlómítà kan láti pátákó dé pátákó, èyí tó jẹ́ 2:48:47 ní òpin. Lórí pápá onímítà 400, ìṣẹ́jú-àáyá 96 ni ìyípo kan.