Ìsínjẹ nínú fídíò orin rọ́ọ̀kì

Ẹni tó bá fẹ́ fi ìrìn yangàn kọjá níwájú Awolowo Hall, ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní ọgbà OAU, ní Ilé-Ifẹ̀, kó yáa múra. Bó bá ń gbé ẹsẹ̀ bíi gómìnà tó ń yẹ àwọn ṣọ́jà wò, ohùn kan lè yọ láti ojú fèrèsé, kó máa ka ẹsẹ̀ fún un: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Kó tó rìn jìnnà, àwọn yòókù á ti gbà á. Aro ni wọ́n ń pè é. Kò pọn dandan kí èébú wà nínú rẹ̀. Ìrìn ẹni náà gan-an ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n sì dá a padà fún un, àmọ́ bó ṣe gbọ́ ọ báyìí, kò ní lè rìn ín mọ́.

Sísín èèyàn jẹ nìyẹn, iṣẹ́ kan náà sì ni ọ̀pọ̀ fídíò orin rọ́ọ̀kì ń ṣe. Wọ́n á mú irú eré kan tí ojú ti mọ́, ì báà jẹ́ eré ọlọ́pàá, ìpolówó ọjà tàbí fídíò àwọn olórin mìíràn. Wọ́n á ṣe é bó ṣe rí gẹ́lẹ́, wọ́n á wá yẹ̀ ẹ́ níbì kan. Ibi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ yẹn ni ẹ̀rín ti ń wá. Bí wọ́n bá yẹ gbogbo rẹ̀, ta ló máa mọ ohun tí wọ́n ń sín jẹ?

Nǹkan ọ̀hún gbọ́dọ̀ ti di àṣà kí wọ́n tó lè fi ṣeré. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n MTV bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1981, fídíò orin ló sì ń fi hàn tọ̀sántòru nígbà náà. Láàárín ọdún mélòó kan, ojú ti mọ́ bí fídíò rọ́ọ̀kì ṣe ń rí: èéfín lórí ìtàgé, fáànù ńlá tó ń fẹ́ irun gígùn sẹ́yìn, onígìtá tó ya ẹsẹ̀, tó di ojú bí ẹni tí eyín ń dùn, ọmọge tó fara ti mọ́tò. Kò yàtọ̀ sí bí a ṣe mọ fídíò orin ìyìn níbí. Ká ṣáà ti rí òdòdó àti omi tó ń ya lulẹ̀ lẹ́yìn akọrin, a ti mọ̀ pé á pààrọ̀ léèsì lẹ́ẹ̀mẹta kí orin tó parí. Ohun tí ojú ti mọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìsínjẹ ń jẹ.

Ṣùgbọ́n wàhálà kan wà níbẹ̀ tí aláwàdà orí ìtàgé kò ní: orin kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Òṣèré kò lè sọ pé kí wọ́n dá ìlù dúró kí òun fi ṣe àwàdà, bẹ́ẹ̀ orin fúnra rẹ̀ lè máà ní ẹ̀fẹ̀ kankan nínú. Aṣọ, irun, iná àti ọwọ́ kámẹ́rà ló máa ṣe gbogbo àwàdà náà, láìsọ̀rọ̀.

Àpẹẹrẹ tó hàn gbangba ni fídíò "Sabotage" ti Beastie Boys, tí Spike Jonze darí ní 1994. Ráàpù ni wọ́n fi mọ ẹgbẹ́ yìí jù, àmọ́ gìtá rọ́ọ̀kì ló kún inú orin yẹn. Jonze ya á bíi ìbẹ̀rẹ̀ eré ọlọ́pàá tí wọ́n máa ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1970 sí 1979. Àwọn mẹ́ta náà de wíìgì, wọ́n fi awò dúdú sójú, wọ́n lẹ túbọ̀mú mọ́ ètè. Wọ́n ń fò kọjá lórí mọ́tò, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn, kámẹ́rà ń gbọ̀n lẹ́yìn wọn, ó ṣe bí ẹni tó ń sáré, ó tún ṣàdédé sún mọ́ ojú èèyàn. Ní gbogbo ìgbà tí àwòrán bá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, orúkọ òṣèré irọ́ kan á jáde lára rẹ̀: Nathan Wind ló ń ṣe Cochese. Kò sí òṣèré tó ń jẹ́ Nathan Wind, kò sì sí eré náà. Irú eré bẹ́ẹ̀ lápapọ̀ ni wọ́n ń sín jẹ, kì í ṣe ẹyọ kan pàtó. Ibi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ ni pé ìbẹ̀rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Eré gan-an kò bẹ̀rẹ̀ títí orin fi tán. Túbọ̀mú yẹn náà ò kúkú jọ èyí tó hù lójú ẹnikẹ́ni.

Èyí tó gún régé jù lójú tèmi ni "In Bloom" ti ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Nirvana, tó jáde ní 1992, tí Kevin Kerslake darí. Ètò tẹlifíṣọ̀n ìdílé ti bíi ọdún 1960 sí 1969 ló ń sín jẹ, irú èyí tí olóòtú máa ń jáde wá fi àwọn olórin han àwọn èèyàn rere tó wà nílé. Wọn kò ya àwòrán òde òní kí wọ́n tó wá sọ ọ́ di dúdú àti funfun. Kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni wọ́n lọ wá, kí àwòrán náà lè ṣe bàìbàì bíi tìgbà yẹn gẹ́lẹ́. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta wọ kóòtù, wọ́n fi òróró ya irun, Kurt Cobain, akọrin wọn, fi awò sójú bíi tíṣà. Olóòtú ń yìn wọ́n pé ọmọlúàbí ni wọ́n. Àwọn ọmọbìnrin ń ké bí ẹni tí ẹ̀mí gbé. Lẹ́yìn náà ni àwòrán mìíràn ń já wọlé: àwọn mẹ́ta kan náà, wọ́n wọ gáùn, wọ́n ń fọ́ ìtàgé, wọ́n ń la gìtá mọ́lẹ̀. Olóòtú sì tún padà wá, ó ń yìn wọ́n bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ohun tó mú èyí ta yọ ni pé orin náà fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó fẹ́ràn láti máa kọrin tẹ̀ lé wọn tí kò sì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ẹ wá wo àwọn ọmọbìnrin tó ń ké yẹn. Orin ń ṣàpèjúwe wọn, wọ́n ń ké sí i.

Àwọn egúngún alárìnjó wa náà mọ iṣẹ́ yìí kí kámẹ́rà tó dé. Nígbà tí wọ́n bá gbé òyìnbó jáde, imú gígùn, irun tó rọ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ á di ara wọn mú, wọ́n á máa jó ijó ilẹ̀ wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá ti rí àjẹ́lẹ̀ rí ni ẹ̀rín náà máa ń pa jù.

Níbi tí ẹni tó ń wò ó kò bá ti mọ ohun tí wọ́n ń sín jẹ ni ìsínjẹ ti sábà máa ń kùnà. Ní 1984, ẹgbẹ́ Queen ṣe fídíò "I Want to Break Free", tí David Mallet darí. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin múra bí obìnrin inú ilé kan. Freddie Mercury, akọrin wọn, wọ síkẹ́ẹ̀tì dúdú, ó ń fi ẹ̀rọ fa ìdọ̀tí ilẹ̀, túbọ̀mú rẹ̀ sì wà lójú rẹ̀ gbọnmọgbọnmọ. Àwọn ará Bìrìtìkó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé Coronation Street ni, eré tó ti wà lórí tẹlifíṣọ̀n wọn láti 1960. Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà kò mọ eré náà rárá. Ọkùnrin tó wọ síkẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n rí, wọ́n sì fajú ro. Ẹni tí kò mọ ìyá, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé ọmọ jọ ọ́?

Bákan náà ni "Buddy Holly" ti Weezer, tí Jonze tún darí ní 1994. Inú ilé oúnjẹ tó wà nínú Happy Days, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà kan, ni ẹgbẹ́ náà ti ń kọrin, wọ́n sì gé àwòrán eré àtijọ́ mọ́ tuntun títí ó fi dà bíi pé àwọn òṣèré yẹn ló ń jó sí orin wọn. Happy Days wà lórí tẹlifíṣọ̀n láti 1974 sí 1984, òun náà sì ń ṣe bíi pé ẹ̀yìn ọdún 1950 lòun wà. Àfarawé lórí àfarawé ni. Microsoft fi fídíò yìí sínú díìsìkì Windows 95, torí náà ẹni tó ṣí díìsìkì yẹn ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀, lè rí i. Á rí àwọn èèyàn tó ń jó dáadáa, ó parí.

Ìsínjẹ lè lẹ̀ mọ́ ẹni tó ṣe é náà. Foo Fighters fi "Big Me" sín ìpolówó súìtì Mentos jẹ ní 1996: ọ̀dọ́ kan kó sí wàhálà kékeré, ó ju súìtì kan sẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, wàhálà tán. Footos ni wọ́n pe tiwọn. Ó dùn mọ́ àwọn èèyàn débi pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Mentos lù wọ́n lórí ìtàgé, ẹgbẹ́ náà sì fi orin yẹn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Blink-182 náà fi "All the Small Things" ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn ẹgbẹ́ ọmọkùnrin arẹwà bíi Backstreet Boys, pẹ̀lú aṣọ funfun àti ijó. Àwọn ọ̀dọ́langba tó fẹ́ràn àwọn tí wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ wọn fẹ́ràn tiwọn náà.

Àwọn kan sì wà tó kọ̀ láti sín ohunkóhun jẹ. The Replacements ṣe fídíò "Bastards of Young" ní ìgbà tí MTV gbóná jù: sípíkà kan ṣoṣo, dúdú àti funfun. Kò sí fáànù, kò sí irun tó ń fẹ́. Ẹnì kan wá jókòó, ó ń mu sìgá. Nígbà tí orin ń parí, ó dìde, ó sì ta sípíkà náà nípàá.

Bí onífídíò kan ní Mayfair, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú fídíò orin ìyìn, ohun èlò kò jìnnà. Léèsì mẹ́ta, gèlè mẹ́ta, ìkòkò òdòdó, aṣọ ńlá tí wọ́n ya omi tó ń ya lulẹ̀ sí. Akọrin kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, kò sì gbọdọ̀ yọ ohùn ẹ̀fẹ̀ kankan. Kó kọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ ọ́ fún Ọlọ́run. Kámẹ́rà náà kó máa yípo rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí wọ́n bá dé orí léèsì kejì, kí atẹ́gùn gbé aṣọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ, kí gbogbo ayé rí gáréèjì Lágere, àwọn ọlọ́kadà àti ọkùnrin kan tó ń jẹ àgbàdo, tó ń wo kámẹ́rà. Akọrin ò ní wẹ̀yìn. Á gbé ọwọ́ sókè, á sì jáde padà pẹ̀lú léèsì kẹta.