Òrùka irin etí odò Elbe: ibi tí eré gígun àpáta ti ṣẹ̀

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gun àpáta lónìí gbà pé Faransé ló ni eré yìí, pé Verdon àti Buoux, ibi àpáta méjì níbẹ̀, ni wọ́n ti bí i. Èmi ò gbà. Saxony ni, ní Jámánì, lẹ́bàá odò Elbe, níbi tí àwọn àpáta oníyanrìn ti dá dúró bí òpó láàárín igbó.

Ní 1864, àwọn ọkùnrin kan láti ẹgbẹ́ eré ìdárayá ìlú Bad Schandau gun àpáta Falkenstein dé téńté. Kí ni wọ́n ń wá lókè? Ọdẹ kọ́ ni wọ́n, ogun ò sì lé wọn. Mo fura pé ọ̀pá tí wọ́n ń rọ̀ mọ́ nínú gbọ̀ngàn ló sú wọn, tí wọ́n wá lọ bá àpáta. Ní 1874, àwọn ọkùnrin méjì, Ufer àti Frick, gun Mönchstein, àpáta mìíràn níbẹ̀, láìfi irinṣẹ́ kankan fa ara wọn sókè. Lójú tèmi, ọjọ́ náà ni eré yìí dáyé.

Agbẹjọ́rò kan, Rudolf Fehrmann, ló sọ àṣà náà di òfin nínú ìwé atọ́nà rẹ̀, ní 1913: okùn àti òrùka irin tí wọ́n kàn mọ́ àpáta wà láti gba ẹni tó bá já bọ́, wọn ò wà fún dídìmú tàbí fún ìtẹ̀gùn. Àpáta ibẹ̀ rọ̀, nítorí náà okùn tí wọ́n ta ní kókó ni wọ́n ń há sínú pàlàpálá rẹ̀ dípò irin kéékèèké tí wọ́n ń há síbòmíràn. Bí òjò bá rọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gùn ún, torí àpáta tútù a máa ṣẹ́. Àtíkè funfun tí gbogbo ayé ń fi sọ́wọ́, èèwọ̀ ni níbẹ̀. Ẹni tó bá sì dókè yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀.

Kurt Albert, olùkọ́ ìṣirò àti físíìsì, lọ wo àṣà yìí, ó sì gbé e lọ sí Frankenjura, agbègbè àpáta mìíràn ní Jámánì. Irin tí kò bá fẹ́ dì mú, á fi ọ̀dà pupa fa àgbélébùú sí i lára. Ìgbà tó bá gun ọ̀nà náà tán láìdi irin kankan mú, á kun àmì róbótó pupa sí ìdí àpáta. 1975 nìyẹn.

Àwọn ará Faransé kan irin púpọ̀ sí i, wọ́n sì kàn án súnmọ́ra. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ ilé lójú kọ́ ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ìdíje Bardonecchia ní Ítálì tẹ̀ lé e ní 1985, lẹ́yìn náà Òlíńpíìkì Tokyo ní 2021. Títí di òní, ẹni tó bá di irin mú láti fi gòkè nínú ìdíje, wọ́n á dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Òfin Fehrmann kọ́ nìyẹn?