Ẹ̀wà Agolo: Ọbẹ̀ Ló Ń Kọ́kọ́ Gorí Iná

Ẹ̀wà tó wà nínú agolo ti jinná. Gbogbo ohun tó kù nípa sísè rẹ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ kan yìí, ibẹ̀ náà sì ni ìdáná ti máa ń ṣì. Ní Kàbà, Ìsánlú àti káàkiri ilẹ̀ Okun, ẹ̀wà gbígbẹ tí wọ́n ń wọ̀n lọ́jà ló mọ́ ọwọ́ wa. Agolo sábà máa ń tẹ̀ lé ẹni tó ti Lọ́kọ́ja tàbí Àbújá bọ̀, tàbí kí ọmọ tó wà lókè òkun kó o wálé. Bí a bá wá sè é bíi gbígbẹ, tí a bu omi sí i, tí a fi káún sí i, tí a gbé e ka iná fún wákàtí kan, ẹ̀wà á fọ́ pátápátá, ọbẹ̀ kò sì ní wọ inú rẹ̀.

Ní ilé iṣẹ́, wọ́n á rẹ ẹ̀wà sínú omi títí á fi wú, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, wọ́n á kó o sínú agolo pẹ̀lú omi iyọ̀, wọ́n á sì dé e pinpin. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá dé e tán ni sísè gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Agolo á wọ inú ìkòkò irin ńlá tí wọ́n há ooru omi mọ́, ìgbóná ibẹ̀ á sì dé nǹkan bí ìwọ̀n 116 sí 121 Celsius. Omi tó ń hó nínú ìkòkò ilé kì í kọjá 100. Bó ti wù kí a koná tó, gbígbẹ ló máa gbẹ. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń jẹ́ Clostridium botulinum. Hóró rẹ̀ máa ń wà nínú erùpẹ̀, omi híhó lásán kì í sì í pa hóró náà. Ibi tí kò sí afẹ́fẹ́, tí oúnjẹ ibẹ̀ kò sì kan, ló ti ń gbilẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú agolo ẹ̀wà rí báyẹn gẹ́lẹ́. Oró tó ń pèsè máa ń rọ iṣan ara, títí kan èyí tí a fi ń mí. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni se ẹ̀wà sínú ìgò nílé, kó dé e, kó sì gbé e sórí pẹpẹ bí àwọn kan ti ń ṣe tòmátì. Kíkan tòmátì ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀wà kò ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí kòkòrò yìí kan náà, a gbọ́dọ̀ yẹ agolo wò kí a tó ṣí i. Èyí tó bá wú, tó ń jò, tó dípẹtà wọnú, tàbí tó tẹ̀ wọlé níbi tí wọ́n ti pa irin rẹ̀ pọ̀, dídànù ló yẹ ẹ́. Ẹ má tọ́ ọ wò láti mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́.

Omi tó ki tó wà nínú agolo kì í ṣe ìdọ̀tí. Èròjà tó jáde lára ẹ̀wà ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀. Ẹ da ẹ̀wà sínú asẹ́, kí ẹ sì ṣan omi lé e lórí. Ìfófòó á kọ́kọ́ yọ. Nígbà tí ìfófòó bá dá, tí èèpo ẹ̀wà sì ń dán, ó ti tó. Ẹ má fi ọwọ́ bó o, torí èèpo náà ti rọ̀, á ya. Ṣíṣàn yìí lè mú nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún iyọ̀ inú agolo lọ, ọ̀rọ̀ ńlá sì nìyẹn fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó tún ń mú díẹ̀ lọ nínú ṣúgà tó ń fa inú kíkún. Agolo 400 gíráàmù sábà máa ń ku nǹkan bíi 240 gíráàmù ẹ̀wà lẹ́yìn tí omi bá ti dà nù, oúnjẹ ẹni méjì. Èyí tó bá wà nínú ọbẹ̀ tòmátì ni a kì í ṣàn.

Ọbẹ̀ ni kó kọ́kọ́ gorí iná. Epo pupa á gbóná díẹ̀, àlùbọ́sà á rọ̀ nínú rẹ̀, ata lílọ̀ á tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí ó hó títí omi ata á fi fà tí epo á sì léfòó, kí ẹja gbígbẹ tàbí edé sì ti wà níbẹ̀. Ìgbà tí ọbẹ̀ bá ti dùn tán ni ẹ̀wà ń wọlé, pẹ̀lú omi díẹ̀, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́. Iyọ̀ ló kẹ́yìn, lẹ́yìn títọ́wò. Tòmátì kì í jẹ́ kí ẹ̀wà gbígbẹ tètè rọ̀, àmọ́ kò lè dí ẹ̀wà tó ti jinná lọ́wọ́, kódà ó ń bá a di ara mú. Tẹ ẹyọ kan láàárín ìka méjì: kó tẹ̀ láìfọ́, kí ata sì ti wọ ara rẹ̀.

Ní ti ẹ̀wà oníṣu, tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ètò sísè rẹ̀ yí padà pátápátá. Bó bá jẹ́ gbígbẹ, ẹ̀wà ló ń ṣáájú, iṣu á bá a níbẹ̀. Bó bá jẹ́ agolo, kí iṣu fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná kí ẹ̀wà tó wọlé.

Ẹ̀wà agolo kò ṣeé fi ṣe àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín o. Ẹ̀wà tútù tí a lọ̀ ni ooru ń mú dì pọ̀. Èyí tó ti jinná tẹ́lẹ̀ kò lè dì mọ́.

Ẹ̀wà pupa ńlá tó wọ́pọ̀ nínú agolo, tí wọ́n ń pè ní kidney beans lédè Gẹ̀ẹ́sì, wà ní gbígbẹ náà, àmọ́ oró wà lára tútù rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́, kí ẹ da omi yẹn nù, kí ẹ jẹ́ kó hó kùkù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tó dín iná kù.

Èyí tó bá kù, ẹ má fi sílẹ̀ nínú agolo tí a ti ṣí. Ẹ kó o sínú ike olómorí, inú fíríìjì ló máa wà, fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Níbi tí iná kì í ti í dúró, ìwọ̀n tí a máa jẹ tán lóòjọ́ nìkan ni kí a ṣí.