Orin àti Ẹran Bábékíù ní Memphis: Ìdáhùn sí Ohun Tó Ń Rú Arìnrìn-àjò Lójú

Láti ọdún 2024 ni ìròyìn kan láti Memphis, ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní gúúsù Amẹ́ríkà, ti ń da àwọn ènìyàn wa tó ń gbé Atlanta, Dallas àti Houston lọ́kàn rú, pàápàá àwọn tó máa ń gbèrò láti wakọ̀ lọ síbẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún láti gbọ́ orin, kí wọ́n sì jẹ ẹran bábékíù. Àwọn kan gbọ́ pé ayẹyẹ orin ti dáwọ́ dúró, àwọn mìíràn ní àwọn rí i tí wọ́n ń kọrin létí odò. Àwọn kan gbọ́ pé ìdíje ẹran ti kúrò létí odò, àwọn mìíràn sì ní ibẹ̀ gan-an ni àwọn ti rí èéfín rẹ̀. Gbogbo wọn ló sọ òótọ́.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Memphis in May ló ti ń ṣètò ayẹyẹ oṣù Karùn-ún nílùú náà láti ọdún 1977. Méjì ló gbajúmọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń ṣe: Beale Street Music Festival ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, àti ìdíje àgbáyé ti ẹran bábékíù, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978, ní àárín oṣù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Tom Lee Park, ọgbà ìgbafẹ́ tó wà létí odò Mississippi, ni méjèèjì ti ń wáyé. Nígbà tó yá, àwọn tó ń bójú tó etí odò tún ọgbà náà ṣe látòkè délẹ̀. Wọ́n gbin igi, wọ́n la ọ̀nà ẹsẹ̀, wọ́n kọ́ ibi ìṣeré fún àwọn ọmọdé, wọ́n sì ṣí i padà ní oṣù Kẹsàn-án 2023. Ilẹ̀ gbalasa tí ogunlọ́gọ̀ èrò lè dúró sí kò wá rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ owó àti ti ohun tí ayẹyẹ ọdún yẹn bà jẹ́ nínú ọgbà sì dá awuyewuye sílẹ̀ títí ó fi dé ilé ẹjọ́. Ní oṣù Kẹwàá 2023, ẹgbẹ́ náà kéde pé ayẹyẹ orin kò ní wáyé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìdíje ẹran ní tirẹ̀ kó lọ sí Liberty Park, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bọ́ọ̀lù ńlá ìlú náà.

Àwọn olùṣètò mìíràn kò jẹ́ kí etí odò dá páropáro. Ní oṣù Karùn-ún 2024, wọ́n gbé ayẹyẹ orin tuntun tó ń jẹ́ RiverBeat dé Tom Lee Park, wọ́n sì tún dá ìdíje ẹran tuntun sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí wọ́n sọ ní SmokeSlam.

Ṣé ìdíje ẹran méjì ló wà nínú ìlú kan náà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ kan náà ni méjèèjì sì wáyé ní 2024 àti ní 2025, nítorí náà ẹ ka orúkọ tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Ta ni Tom Lee tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọgbà náà?

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó béèrè, nítorí ọ̀pọ̀ èrò ló ń rìn kọjá níbẹ̀ láìmọ̀. Òṣìṣẹ́ adúláwọ̀ ni, orí odò ló sì ti ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún 1925, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ M. E. Norman dojú dé nínú odò Mississippi, ní ìsàlẹ̀ ìlú Memphis. Tom Lee wà nítòsí nínú ọkọ̀ kékeré rẹ̀. Ó yí i padà, ó ń fa àwọn tó ń rì jáde, ó ń gbé wọn lọ sí etí bèbè, ó sì ń padà lọ kó òmíràn, títí ó fi gba ènìyàn 32 là. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ère ìrántí rẹ̀ wà nínú ọgbà náà. Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Bí mo bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ìdíje ẹran, ṣé màá jẹ nínú ẹran àwọn tó ń díje?

Níbí ni ìjákulẹ̀ pọ̀ sí jù lọ, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Nínú ìdíje àtijọ́ yẹn, ti Memphis in May, àwọn adájọ́ ni àwọn ikọ̀ ń dáná fún. Òfin àjọ ìlera kò jẹ́ kí wọ́n ta ẹran wọn fún èrò tàbí kí wọ́n máa pín in fún ẹni tó bá kàn yà bá wọn. Kálukú wọn ló kọ́ àgọ́ tirẹ̀, tó sì pe ọ̀rẹ́ àti ẹbí síbẹ̀. Ẹni tí wọn kò pè yóò máa gbọ́ òórùn ni. Èyí tí èrò lè jẹ ni ti àwọn olóúnjẹ tí wọ́n gbà láyè láti tà nínú pápá. Ẹran ìhà, èjìká àti odidi ẹlẹ́dẹ̀ ni ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì tí wọ́n fi ń díje, odidi ẹlẹ́dẹ̀ sì lè gba gbogbo òru lórí iná. Bí ẹ bá fẹ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn tó mọ iná tọ́jú, ẹ lọ. Bó bá jẹ́ pé ebi ẹran ló ń lé yín lọ sí Memphis, inú ìlú ni kí ẹ wọ̀.

Níbo wá ni kí a ti jẹun?

Nínú àwọn ilé oúnjẹ àtijọ́ tó ń ṣí lọ́dún yípo, tí ẹ kò nílò tíkẹ́ẹ̀tì kankan láti wọlé. Rendezvous wà láàárín ìlú láti ọdún 1948. Ẹ ó gba àárín ilé méjì wọlé, ẹ ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Orí èédú ni wọ́n ti ń sun ẹran ìhà tiwọn, wọn kì í sì í da ọbẹ̀ dídùn bò ó: èròjà lílọ̀ ni wọ́n ń wọ́n sí i lára, bí àwọn mọ̀lá ṣe ń fi yájì sí sùyà. Ní Payne's, tó ti wà láti ọdún 1972, ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ìró ọ̀bẹ ńlá lórí pátákó bí wọ́n ṣe ń gé èjìká ẹlẹ́dẹ̀ wẹ́wẹ́ fún ẹni tó wà níwájú yín, wọ́n á kó o sínú búrẹ́dì rírọ̀, wọ́n á bu ọbẹ̀ gbígbóná lé e, wọ́n á sì kó kábéèjì rírẹ́ tí wọ́n fi mọ́sítáàdì pò lé gbogbo rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ a pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí pupa ẹyin. Lójú tèmi, kò sí ohun tí a lè fi owó táṣẹ́rẹ́ rà nílùú náà tó dára jù ú lọ. Àwọn kan tún máa ń pò spaghetti mọ́ ẹran àti ọbẹ̀ bábékíù. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó dá a lẹ́bi.

Mùsùlùmí ni mí, tàbí ìjọ mi kò gba ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ṣé kí n jókòó sílé ni?

Rárá o, ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú fo ìbéèrè yìí. Ẹlẹ́dẹ̀ ni olórí bábékíù ní Memphis, kì í ṣe màlúù bíi ti Texas. Ẹni tó jẹ́ Mùsùlùmí, ọmọ ìjọ Celestial tàbí Adventist yóò rí adìẹ níbi púpọ̀. Cozy Corner, tí wọ́n ṣí ní 1977, lókìkí fún adìẹ kékeré tí wọ́n ń fi èéfín sun lódindi. Àmọ́ orí iná kan náà ni wọ́n sábà máa ń sun adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ sí, ọ̀bẹ kan náà ni wọ́n lè fi gé wọn, wọ́n sì lè fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ se ẹ̀wà tí ẹ rò pé kò léwu. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn gbangba, wọn kì í bínú. Bí ẹ̀rí ọkàn yín kò bá gba ohun tó fara kan ẹlẹ́dẹ̀ rárá, ilé oúnjẹ hàlálì wà nílùú náà, orin sì wà níbẹ̀ fún gbogbo yín.

Láìsí ayẹyẹ, orin wo ló kù?

Orin tí ayẹyẹ tìtorí rẹ̀ wà ló kù. Orin blues ń dún ní Beale Street ní alaalẹ́. Sun Studio, ilé ìgbohùnsílẹ̀ níbi tí Sam Phillips ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1950, tí Elvis Presley sì ti gba orin sílẹ̀ ní 1954, ṣì wà lórí Union Avenue. Yàrá kan péré ni, ẹ sì lè dúró nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo ni àyè yín gbà, Stax ni kí ẹ lọ. Jim Stewart àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Estelle Axton, sọ ilé sinimá àtijọ́ kan di ibi ìgbohùnsílẹ̀ láàárín àdúgbò àwọn adúláwọ̀, níbẹ̀ ni Otis Redding àti Isaac Hayes sì ti ṣiṣẹ́. Wọ́n wó ilé náà ní 1989. Ní 2003 ni wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú ohun ìrántí sórí ilẹ̀ kan náà. Ṣọ́ọ̀ṣì onípákó kékeré kan tí wọ́n gbé wá láti ìgbèríko Mississippi ni ẹ ó bá níbẹ̀rẹ̀, nítorí inú irú ilé ìsìn bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn olórin wọ̀nyí ti kọ́kọ́ la ohùn.

Láti ibẹ̀, ẹ lọ sí Lorraine Motel. Dúdú àti funfun jọ ń lu ìlù ní Stax nígbà tí òfin àti àṣà ìlú kò fẹ́ kí wọ́n jọ jókòó jẹun, Lorraine, tó jẹ́ ti adúláwọ̀, sì ń gba gbogbo wọn. Níbẹ̀ ni Steve Cropper, aláwọ̀ funfun, àti Eddie Floyd, adúláwọ̀, ti jọ ń kọ orin. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti yìnbọn pa Martin Luther King ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin 1968, nígbà tó wá gbèjà àwọn òṣìṣẹ́ kólẹ̀-kódọ̀tí tó ń daṣẹ́ sílẹ̀. Láti 1991 ló ti di ilé ìtọ́jú ìtàn ẹ̀tọ́ aráàlú. Ẹni tó gbọ́ orin Memphis tí kò dé ibẹ̀ kò tíì mọ ohun tí orin náà ná àwọn tó kọ ọ́.

Báwo ni ọ̀nà ṣe jìn tó?

Láti Atlanta, nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ni. Láti Dallas, ó lé díẹ̀ ní mẹ́fà. Láti Houston, bíi mẹ́sàn-án. Ará Atlanta yóò gba òpópónà I-20 dé Birmingham, kó tó bọ́ sórí I-22. Ará Dallas yóò gba I-30 dé Little Rock, yóò sì bọ́ sórí I-40, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti pọ̀ lọ súà.

Ṣé ó yẹ kí a bẹ̀rù ìlú náà?

Ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra. Àwọn olè máa ń fọ́ gíláàsì ọkọ̀ nílùú náà, nítorí náà ẹ má fi báàgì, kọ̀ǹpútà tàbí okùn tí ẹ fi ń gba iná sí fóònù pàápàá sílẹ̀ níbi tí ojú lè tó o, kí ẹ sì páákì síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ní oṣù Kẹwàá 2025, wọ́n kó àwọn ọmọ ogun National Guard wá síbẹ̀ lábẹ́ ètò kan tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè sì wà lára àwọn tó bá ọlọ́pàá ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18, tó sì ní káàdì ìgbélùú (green card), òfin ní kó máa mú un rìn. Ẹ má fi í sílé nítorí ẹ̀rù pé ó lè sọnù. Ìjì líle tún máa ń jà nínú oṣù Karùn-ún, ẹ jẹ́ kí ìkìlọ̀ ojú ọjọ́ ṣí lórí fóònù yín.

Ìgbà wo ló yẹ kí a sanwó hòtẹ́ẹ̀lì?

Lẹ́yìn tí ẹ bá rí ọjọ́ ayẹyẹ látọwọ́ àwọn tó ṣètò rẹ̀ gan-an, kì í ṣe láti inú ìròyìn àtijọ́ tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ yan hòtẹ́ẹ̀lì tó máa ń dá owó padà. Bí kì í bá ṣe èrò ni ẹ ń wá, ẹ lọ ní oṣù Kẹwàá, nígbà tí ooru ti lọ sílẹ̀, kí ẹ sì dé ní Ọjọ́bọ̀ tàbí Ọjọ́ Ẹtì, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ilé ẹran àtijọ́ kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú, àwọn kan kì í sì í ṣí lọ́jọ́ Ajé.